Ọkọ̀, Ọ̀sà àti Ìrántí: Eré Ọkọ̀ Ojú Omi Nínú Ayẹyẹ Ìlú Èkó, 1851 sí 2017

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni ìjọba ológun Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ọjọ́ kan náà ni a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ tiwa yìí, èyí tí a kọ́kọ́ pè ní West Central kí a tó sọ ọ́ ní Kwara. Nígbà tí ó di ọdún 2017, àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì pé 50 ọdún. Èkó ṣe ayẹyẹ tirẹ̀ fún odidi ọdún kan, ó sì parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Karùn-ún. Lára ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀sẹ̀ náà lọ́ṣọ̀ọ́ ni eré ọkọ̀ ojú omi, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní rìgátà.

Ẹni tí ó bá dàgbà sí Ìpàtà, tí omi tí ó mọ̀ jù lọ kò ju odò Asà lọ, lè béèrè pé kí ni ó kan ará Ìlọrin nínú eré tí a ń ṣe lórí ọ̀sà Èkó. Ìdáhùn wa ni pé ó kàn án lọ́nà méjì. Èkíní, Pàtígì, létí Odò Ọya, wà nínú Kwara, a sì mọ ìlú náà mọ́ eré ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀. Èkejì, Tápà ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tí ó lágbára jù lọ nínú ìtàn ọkọ̀ ogun Èkó, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ sọ kò pọ̀. Èrò wa ni pé ọkọ̀ tí a ń wò gẹ́gẹ́ bí ohun ìdárayá lónìí ni ohun èlò ìjọba, ogun àti òwò ní Èkó fún ọjọ́ pípẹ́, àti pé ìjà lórí ẹni tí ó ni omi ni kókó ìtàn ìlú náà. Ayẹyẹ a máa gbé ọkọ̀ jáde, a sì máa fi ìjà náà sílẹ̀. A ó fi hàn pé ìfisílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan, nítorí pé ní ọdún 2016 sí 2017, nígbà tí ayẹyẹ ń lọ lọ́wọ́, ìjà náà ń lọ lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Orúkọ eré náà

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà, rìgátà, ti ìlú Venice ní Ítálì wá, níbi tí àwọn atukọ̀ ti ń bá ara wọn figagbága lójú omi ìlú wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ń lò ó fún ìdíje ọkọ̀ onígbòkun ti àwọn ọlọ́rọ̀. Irú èyí ni àwọn òyìnbó gbé wá sí Èkó, tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club sílẹ̀ ní ọdún 1932. Eré ọjọ́ ìsinmi ni fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò: afẹ́fẹ́, ìgbòkun àti ife ẹ̀yẹ.

Èkejì ni èyí tí àwọn ènìyàn etídò tiwa ń ṣe. Àwọn atukọ̀ á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á jókòó ní ẹsẹẹsẹ nínú ọkọ̀ gígùn, wọ́n á máa fi àjẹ̀ wa omi bí ìlù bá ti ń dún, àwọn àgbà àti ìjòyè á sì jókòó sí àárín. Nígbà mìíràn wọn a máa sáré, ṣùgbọ́n eré sísá kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Fífi ara hàn ni: iye ọkọ̀ tí agbo ilé kan ní, iye ọwọ́ tí ó lè wà á, àti ẹni tí àwọn ọwọ́ náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá pe èyí ní rìgátà ti fi orúkọ eré àwọn ọlọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bo ohun tí ó ti wà kí wọ́n tó dé. Òpìtàn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí orúkọ tan òun jẹ.

Ọ̀sà gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìjọba

Erékùṣù ni Èkó. Àwọn Àwórì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé, kí Ìbíní tó sọ ọ́ di ibùdó ogun. Ní nǹkan bí ọdún 1603, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Andreas Josua Ulsheimer bá àwọn oníṣòwò Dọ́ọ̀ṣì dé etí omi yìí. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ ogun Ọba Ìbíní ni wọ́n ń gbé ìlú náà, àti pé àwọn oníṣòwò ń ti orí omi àti orí ilẹ̀ wá síbẹ̀. Nínú ẹ̀rí kúkúrú yìí, ohun méjì ti hàn sí wa: ogun àti ọjà, omi sì ni ó gbé méjèèjì.

Robin Law, nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1983, ti ṣàlàyé bí ọ̀nà omi tí ó wà lẹ́yìn etí òkun ṣe so ilẹ̀ àwọn Ègùn ní ìwọ̀-oòrùn pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀bú àti Ìbíní ní ìlà-oòrùn. Òkun níbí le, ìgbì rẹ̀ a máa dojú ọkọ̀ dé. Nítorí náà, ọ̀sà tí ó dákẹ́ ni ọ̀nà òwò gidi, Èkó sì jókòó sí ibi tí ọ̀sà náà ti ya ẹnu sí òkun. Ẹni tí ó bá ní Èkó lọ́wọ́ ni ó ni ẹnu ọ̀nà. Láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹnu ọ̀nà yìí di ti òwò ẹrú, títí Èkó fi di ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí a ti ń kó ẹrú jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọkọ̀ tí ó ń kó aṣọ, iyọ̀ àti epo ni ó ń kó ẹrú pẹ̀lú. Kò yẹ kí a gbàgbé èyí nígbà tí a bá ń wo ẹwà ọkọ̀ lójú omi.

Robert Smith sọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1970 lórí ọkọ̀ nínú ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé ipa tí ọkọ̀ kó nínú ogun àti òwò tóbi ju bí àwọn òpìtàn ti máa ń kà á sí lọ. Àlàyé náà bá Èkó mu. Ọkọ̀ ńlá jẹ́ ohun tí olówó nìkan lè ní. A ní láti rí igi ńlá, kí a gbẹ́ inú rẹ̀, kí a wọ́ ọ dé etí omi, kí a sì ní ọ̀pọ̀ ènìyàn tí yóò wà á. Nígbà tí ìbọn àgbá bá tún wọ̀ ọ́, ó di agbára ìjòyè. Ọba tí àwọn ìjòyè ọlọ́kọ̀ kò bá tì lẹ́yìn kò lè pẹ́ lórí ìtẹ́. Ní ọdún 1845, nínú ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Olómirò, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò ní Ìgá Ìdúngánran. Ogun bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, àárín ìlú sì ni a ti jà á, ṣùgbọ́n ọ̀nà omi ni Akítóyè gbà sá àsálà.

Ogun Ahóyaya àti àwọn ọdún Ẹ̀pẹ́, 1851 sí 1862

Ìdí tí a fi mú ọdún 1851 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni pé ọdún náà ni irú ọkọ̀ méjì pàdé lórí ọ̀sà kan. Ní oṣù Kọkànlá, John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó ọkọ̀ ogun wọ ọ̀sà láti lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Wọ́n lé e padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá wọ́n tún dé pẹ̀lú agbára tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ará Èkó pe ogun náà ní Ahóyaya, wọ́n sì tún ń pè é ní Àgídìngbì nítorí ìró àgbá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún wọn. Ọkọ̀ wọn tí ń jẹ́ Teazer fi ìdí gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ojú ọ̀tá ni ó sì wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀sà kò jìn, ẹni tí kò bá mọ ojú ọ̀nà rẹ̀ yóò há. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní tiwọn mọ ojú ọ̀nà. Nígbà tí iná ti jó apá púpọ̀ nínú ìlú, wọ́n wọ inú ọkọ̀, wọ́n sì gba ọ̀sà lọ sí ìhà Ìjẹ̀bú, títí wọ́n fi tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́.

Lára àwọn tí ó bá a lọ ni Òṣòdì Tápà, ọ̀gágun rẹ̀. Ilẹ̀ Tápà ni wọ́n ti mú ọkùnrin yìí ní kékeré, tí ó fi di ẹrú ní ààfin Èkó, tí ó sì dìde títí ó fi di ìjòyè ńlá àti oníṣòwò. A kò ní ẹ̀rí pé ọmọ atukọ̀ ni nílé baba rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dá wa lójú ni pé ẹni tí ó ti Odò Ọya wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń pàṣẹ fún ọkọ̀ ogun lórí ọ̀sà Èkó. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé òwò ẹrú kan náà ni ó so àwọn omi méjèèjì pọ̀.

Láti Ẹ̀pẹ́, Kòsọ́kọ́ kò jẹ́ kí Èkó sinmi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853 ó gbógun ti ìlú náà, ó kù díẹ̀ kí ó gbà á padà. Akítóyè kú ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì gorí oyè. Nígbà tí ó di ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Benjamin Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní gbógun ti Èkó mọ́, wọ́n sì gbà fún un pé òun ni ó ni èbúté Palma àti Lẹ́kí. Ó yẹ kí a ronú sí àdéhùn yìí dáadáa. Agbára tí ó kọlu Èkó pẹ̀lú ọkọ̀ oníná kò lè lé ọkọ̀ onígi kúrò lórí ọ̀sà, ó ní láti bá a pín omi. Lẹ́yìn tí Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Kòsọ́kọ́ tó padà, ní ọdún 1862. Òṣòdì Tápà bá a padà, wọ́n sì fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilẹ̀ ní ibi tí a mọ̀ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní.

Gbogbo wọn kọ́ ni ó padà. Àwọn tí ó kù sí Ẹ̀pẹ́ ni a ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, láti yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá nílé. Ní ìlú kan ṣoṣo yìí, ìrántí omi jẹ́ méjì. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ní ọdún Òkòsì, tí eré ọkọ̀ ojú omi wà lára rẹ̀. Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ní Káyókáyó, tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ọdún Iléyá láti rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé síbẹ̀ ní ọdún 1851. Bí a bá ń wá ayẹyẹ àyájọ́ tí àwọn ará ìlú èbúté fúnra wọn dá sílẹ̀, tí ìjọba kankan kò pa láṣẹ, Káyókáyó nìyẹn. Ọjọ́ tí ó ń rántí ni ọjọ́ tí àwọn tí a ṣẹ́gun gúnlẹ̀ sí èbúté tuntun. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe ọdún náà láìmọ̀ pé ìjà ni ó gbé wọn débẹ̀.

Èbúté tuntun

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yí ojú omi padà. Òkìtì iyanrìn tí ó wà ní ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Àwọn ọkọ̀ tí ó ti Yúróòpù wá a máa já ẹrù wọn ní Forcados, kí ọkọ̀ kéékèèké tó kó o wá sí Èkó. Láti bí ọdún 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ṣe ògiri gígùn wọ inú òkun láti dá iyanrìn dúró. Nígbà tí ó fi di bí ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọlé, ní ọdún 1926 wọ́n sì ṣí èbúté Àpápá. Reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896 ti dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ẹrù ilẹ̀ òkè kò nílò ọkọ̀ onígi láti dé etí òkun mọ́.

Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí Odò Ọya pẹ̀lú. Ní ọdún 1897, Ilé-iṣẹ́ Royal Niger ṣẹ́gun Bídà ní oṣù Kìn-ín-ní àti Ìlọrin ní oṣù Kejì. Ọkọ̀ wọn lórí odò, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn atukọ̀ Kede, ni kò jẹ́ kí apá kan nínú ọmọ ogun Bídà ráyè rékọjá padà. Lẹ́yìn ogun náà ni wọ́n fi Idirisu Gana jẹ Etsu ní Pàtígì. S. F. Nadel, tí ó kọ̀wé lórí àwọn Kede ní ọdún 1940, pè wọ́n ní ìjọba etídò: àwọn tí agbára wọn wà lórí omi, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń rékọjá. Nígbà tí ìjọba òyìnbó àti afárá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, eré ni ó kù fún ọkọ̀ ńlá. Ní Èkó àti ní Pàtígì, a rí ìlànà kan náà: nígbà tí ọkọ̀ bá ti pàdánù agbára ni ìjọba máa ń fẹ́ràn láti wò ó.

FESTAC àti lẹ́yìn rẹ̀

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù lọ ni ti FESTAC, láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Wọ́n ṣe eré ẹṣin ní Kàdúná, wọ́n sì ṣe eré ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, ní etí ọ̀sà Ìkòyí. Andrew Apter, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2005, fi hàn pé òwò ẹrú àti epo pupa wà nínú ìtàn àwọn ọkọ̀ ogun tí ó ti Niger Delta wá, àti pé owó epo rọ̀bì ni ìjọba fi sọ wọ́n di àṣà gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó tún tọ́ka sí i pé ìjọba òyìnbó ti máa ń lo irú àfihàn bẹ́ẹ̀ láti yẹ́ àwọn aláṣẹ wọn sí.

A gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí bí ìjọba ṣe ń lo eré náà. Ibi tí a ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni pé a kò gbọdọ̀ tì í síbi tí a ó fi rò pé láti ọwọ́ òyìnbó ni àfihàn ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó àti Ẹ̀pẹ́, ìjòyè ti ń fi ọkọ̀ hàn kí aṣojú Gẹ̀ẹ́sì tó dé, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ hàn ti fi ogun hàn. Ohun tí ó yí padà ni ìtumọ̀. Lẹ́yìn 1977, eré náà di ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbé kalẹ̀ fún ìgbafẹ́ àti àwọn arìnrìn-àjò, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ayẹyẹ Lagos Black Heritage tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, àti nínú ayẹyẹ ọdún 2017.

Ọdún 2017: ta ni ó ni ọ̀sà?

Ọjọ́ tí a yàn láti rántí a máa sọ púpọ̀ nípa ẹni tí ó yàn án. Ọdún 1851 jẹ́ ti àwọn tí a lé, ọdún 1861 jẹ́ ti ẹni tí ó gba ìlú. Ọdún 1967 jẹ́ ti ìwé òfin tí ó so Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry pọ̀ mọ́ ìlú Èkó. Ọjọ́ tí kò ní ìjà nínú ni, ó sì rọrùn láti jọ yọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí ọ̀sà kò sí ní àlàáfíà ní àkókò náà. Otodo Gbame jẹ́ abúlé àwọn Ègùn apẹja ní ìhà Lẹ́kí. Ní ọjọ́ 9 àti 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, iná àti katakata pa ilé wọn run. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta àti ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 2017, wọ́n tún padà wá wó èyí tí ó kù. Amnesty International ka àwọn tí ó pàdánù ilé sí ohun tí ó ju 30,000 ènìyàn lọ. Àlàyé ìjọba ni pé ìjà láàárín àwọn ará abúlé ni ó fa iná àkọ́kọ́, àti pé ọ̀rọ̀ ààbò àti ìmọ́tótó ni ó fà á tí wọ́n fi wó ìyókù. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ àyájọ́, kò tó oṣù méjì. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ọjọ́ 25 lẹ́yìn àyájọ́ náà, Adájọ́ Adeniyi Onigbanjo ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé lílé tí a lé wọn láìpèsè ibùgbé mìíràn fún wọn tẹ ẹ̀tọ́ wọn sí iyì ọmọ ènìyàn lójú.

A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti bá ìjọba kan ṣe ẹjọ́. A mú un wá nítorí pé ó jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn. Ẹni tí ó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá, tí ó wo ìhà Màkókò, yóò rí ìgbòkun tí a fi àpò ìrẹsì gán pọ̀ lórí ọkọ̀ apẹja. Àwọn tí wọ́n ṣì ń ta ìgbòkun láti jẹun lórí ọ̀sà Èkó nìyẹn, láìsí ife ẹ̀yẹ. Àwọn náà ni a fún ní wákàtí 72 ní oṣù Keje ọdún 2012 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé wọn. Eré ọkọ̀ ojú omi ń yin iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ètò ìlú sì ń lé wọn kúrò níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí ó ní ọkọ̀ ni ó lè sọ pé òun ni ó ni omi. Lónìí, ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ etídò ni, ọkọ̀ kò sì jẹ́ ẹ̀rí mọ́ níwájú ẹni tí ń pín ilẹ̀.

Ìkádìí

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti wo ẹ̀yìn fún ìlú tí ó ń ṣe ayẹyẹ. A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọkọ̀ ni ó gbé ìjọba Èkó ró, pé ogun 1851 kò pa agbára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pé èbúté òkúta àti reluwé ni ó sọ ọ́ di ohun ìwòran, àti pé ìjọba tí ó tẹ̀lé ara wọn jogún ìwòran náà láìjogún ìbéèrè tí ó wà nínú rẹ̀.

A kò sọ pé kí a má ṣe eré ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ohun rere ni, àwọn tí ó ń wà á sì mọ iyì rẹ̀. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé Káyókáyó ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti yọ̀, kí a sì rántí ìjà pọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí ó kù fún wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí ni láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn atukọ̀ ní Pàtígì, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Màkókò nígbà tí wọ́n ṣì wà létí omi, kí ìtàn ọ̀sà má bàa kù sínú ìwé àwọn tí ọkọ̀ wọn há sórí iyanrìn.